Pátákó Lọ́rùn Ọlọ́runfẹ́mi

Ọjọ́ tí Mofìyìnfólúwa kọ́kọ́ fojú kan Ọlọ́runfẹ́mi, pátákó ni wọ́n so mọ́ ọmọkùnrin náà lọ́rùn. Ó dúró níwájú kíláàsì èdè Faransé ní yunifásítì kan l'Ábújá, ó ga, ó dúdú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, okùn ọ̀rá sì ti ń ha á lọ́rùn. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó náà lédè Faransé ni pé: "Mo sọ èdè ìgbẹ́."

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ìyá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù láti Mpape pé àìsàn bàbá rẹ̀ tún ti le sí i. Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Òkun o, ìyá mi," bí àwọn Yorùbá ilẹ̀ Òkun ní Kogi ṣe ń kíni. Kò mọ̀ pé Màdáàmù Balkis, olùkọ́ wọn, wà lẹ́yìn òun. Obìnrin yìí ti gbé ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó dé, ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nítòsí kíláàsì òun yóò gbé pátákó kọ́rùn títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ti tó dìbò!

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Mofìyìnfólúwa, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Fìyìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀ka mìíràn wá síbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ọmọkùnrin náà kò tẹrí ba, ojú fèrèsé ló ń wò. Okùn tó ń ha á lọ́rùn yẹn ló bí Fìyìn nínú. Ó dìde, ó rìn lọ síwájú, ó bọ́ pátákó náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì jù ú sórí tábìlì olùkọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi lé àwọn méjèèjì síta.

Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ọmọkùnrin náà wò ó, ó ní, "O ò mọ̀ mí rí. Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo… mo bínú. Gan-an ni." Fìyìn ń wá ọ̀rọ̀ kiri. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, but Yorùbá mi ò… kò dára."

"Ó dára. Ó kàn dà bí ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gùn ni. O ń fì sápá ọ̀tún díẹ̀."

Fìyìn rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "Ṣé bó o ṣe máa dúpẹ́ nìyẹn?"

"Mo dúpẹ́ o, agbèjà. Ọlọ́runfẹ́mi ni mí, ọmọ Yàgbà nílẹ̀ Òkun. Jẹ́ kí n sáré lọ sọ́dọ̀ bàbá mi."

Bàbá náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Afọ́kúta ni nígbà ayé rẹ̀, eruku òkúta Mpape ló sì jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí Fìyìn gun òkè Mpape lọ láti kí wọn kú ìrọ́jú, Fẹ́mi jókòó sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ó sún fún un lórí àpáta náà, ó ní:

"Èdè tí wọ́n torí ẹ̀ so pátákó mọ́ mi lọ́rùn, òun náà ni bàbá mi fi súre fún mi kó tó kú."

Fìyìn gun orí àpáta náà. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti ya ara wọn mọ́. Nílé àwọn Fìyìn ní Kubwa, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, gbà kí àwọn ọmọ máa sọ. Fìyìn ń gbọ́ Yorùbá, kò lè fi fèsì dáadáa. Fẹ́mi di olùkọ́ rẹ̀. Òun náà ń kọ́ Fẹ́mi ní bí àwọn Faransé ṣe ń ha "r" wọn lọ́fun, tí Fẹ́mi ń ṣe é bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́nà ọ̀fun, tí àwọn méjèèjì yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, Màdáàmù Balkis ń ṣàlàyé pé "tu" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹni, "vous" ni wọ́n ń pe àgbà, bí ẹni pé ohun ìyanu kan láti òkè òkun ni. Fẹ́mi tẹ̀ sí Fìyìn létí.

"Ìwọ àti ẹ̀yin ni. Ohun tí wọ́n nà mí fún kí n tó já lẹ́nu ọmú ni wọ́n ń sanwó kọ́ wa yìí."

"Dákẹ́, olólùfẹ́ mi," ni Fìyìn sọ, ó sì yára bo ẹnu ara rẹ̀. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. Fẹ́mi kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìyà Fẹ́mi kò tíì tán. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ló gbọ́dọ̀ lọ lo oṣù díẹ̀ ní ìlú Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, kí wọ́n tó lè gboyè. Màdáàmù Balkis sọ pé Fẹ́mi kò ní lọ, àfi tó bá dúró níwájú gbogbo kíláàsì, tó tọrọ àforíjì pé òun sọ èdè ìgbẹ́. Fẹ́mi ní òun kò ní ṣe é láéláé.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, ó sì bú jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Ọmọ afọ́kúta láti Mpape! Nítorí rẹ̀ lo ṣe ń bá olùkọ́ jà? Ará Kogi lásán-làsàn! Ta ló sọ fún ọ pé Yorùbá ni wọ́n?"

Yorùbá ni Fìyìn fi dá a lóhùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n sọ Yorùbá. Ẹ wá ń ṣe adájọ́ ẹni tó jẹ́ Yorùbá? Fẹ́mi fún mi ní ohun tí ẹ̀yin fi dù mí!"

Bàbá rẹ̀ kẹ̀yìn sí i. Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní yunifásítì, inú Ràdíátù, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Nupe, kò gbà á mọ́. Òun àti Fìyìn bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màdáàmù Balkis wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, páálí ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, ọmọ Nupe, ọmọ Gbagyi, ọmọ Tiv, ọmọ Ígálà. Oníkálukú ti kọ ọ́ sára tirẹ̀ pé: "Mo sọ èdè ìyá mi." Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dókítà Àjíṣafẹ́, olórí ẹ̀ka náà. Ó ní kí Fẹ́mi sọ tẹnu rẹ̀. Faransé ni Fẹ́mi fi sọ ọ́, láti orí ìpè ìyá rẹ̀ dé orí ìre bàbá rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibi ikú, Màdáàmù Balkis wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀ nípa bàbá yẹn," ló sọ. "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn."

"Ṣé ó sì dùn mọ́ ọ nígbà náà?" ni Dókítà Àjíṣafẹ́ bi í. Òfin pátákó kú lọ́jọ́ náà, Fẹ́mi sì bá wọn lọ sí Àjàṣẹ́.

Níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyáálé ilé tí Fìyìn wọ̀ sí, Faransé ni obìnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, kò sì sẹ́ni tó fi ọ̀kan dójú ti ìkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, létí ọ̀sà, Fẹ́mi dúró lójijì.

"Fìyìn, mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi. Mi ò mọ èdè tí mo lè fi sọ ọ́ kó lè tó."

"O ti sọ ọ́, ó sì tó," ni Fìyìn dáhùn. "Mo gbà. Ó ku bàbá mi."

Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tó yá, ìyá Fẹ́mi fúnra rẹ̀ gbéra láti Mpape lọ sí Kubwa. Ó kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, ó kí Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì pẹ̀lú èdè Òkun rẹ̀, ó ní òun kò wá jà, òun wá bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tó kù fún òun ni.

Ọkùnrin náà la ẹnu láti fi Gẹ̀ẹ́sì lé e, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà ti wọ ibi kan lára rẹ̀. Èkìtì ni ó bọ́ sí i lẹ́nu, Èkìtì ògbólógbòó, èyí tí Fìyìn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó bẹ obìnrin náà pé kó dìde, kó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi gbé e mì. Mo rò pé mò ń dáàbò bò yín ni."

"Ẹ gbé tiwa náà mì, Dádì," ni Fìyìn sọ. Inú ń bí i síbẹ̀, ó sì ń sunkún.

"Mo mọ̀ nísinsìnyí. Má bínú, ọmọ mi. Ọmọkùnrin yẹn dà? Ẹ pè é wá."

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Lugbe ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Pásítọ̀ fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, Fìyìn ní Yorùbá lòun máa fi jẹ́ tòun. Ó di ọwọ́ Fẹ́mi mú, ó ní, "Èmi, Mofìyìnfólúwa, gbà ọ́ ní ọkọ̀ mi…"

Ẹ̀rín sọ láàárín ìjọ. Fẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ó rọra sọ pé, "Wọlé kí n gbé ọ lọ, olólùfẹ́."

Ojú Fìyìn le. Ó yíjú sí gbogbo ìjọ, ó ní, "Ẹ dúró ná. Mo fẹ́ tún un sọ."

Ó mí kanlẹ̀, ó wo ojú Fẹ́mi, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe yẹ: "Mo gbà ọ́ ní ọkọ mi."

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́ ni bàbá rẹ̀.