Ìbéèrè Tí Wọn Kò Kọ́ Ọ

"Níbo lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò rẹ?"

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n ń bi ní ọ́fíìsì físà, níbi tí ìdílé rẹ̀ ti ń wá ìwé láti lọ bá bàbá rẹ̀ lókè òkun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin tó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù fi kọ́ ọ ní ìdáhùn: ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe lókè òkun, títí dórí àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé wọn. Kò kọ́ ọ ní èyí.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn dígí kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn gbé bírò dúró, ó ń wò ó. Ìyẹn gan-an ló ń já a láyà.

Ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì, òun náà ń dáhùn ìbéèrè. Ọmọ ọdún méje tí wọ́n ń bi í nípa rẹ̀ wà níta lórí àga onírin, ó ń mi ẹsẹ̀. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Látìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Ṣùgbọ́n oní-fọ́ọ̀mù ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí i, mà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi í sílẹ̀ ni." Ẹ̀rù ba ìyá, ó kọ ọ́.

"Mo... mo wà nílé ìwòsàn, mà."

"Ilé ìwòsàn wo?"

Bó bá dárúkọ ọ̀kan, ìyá rẹ̀ lè dárúkọ òmíràn. Bó bá sì sọ òótọ́, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò fi ọmọ náà sí? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tíì lo ìṣẹ́jú kan, ó ti ń mí gúlegúle.

"Ẹ má bínú, mà." Omijé ti dé. "Irọ́ ni mo pa. Ọmọ àǹtí mi tó kú ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni! Èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹnu mi já a sílẹ̀."

Obìnrin náà kọ ohun tó sọ sílẹ̀.

Wọn kò fún wọn ní físà lọ́jọ́ náà. "O ti tú wa fó," ni ìyá rẹ̀ wí lójú ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohun tó sọ. Lóròòru ni ọmọbìnrin náà ń fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ wò, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì físà. Kí ìyá lọ sí kóòtù gba ìwé pé òun ni alágbàtọ́ ọmọ náà, kó sì wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tó fi purọ́. Lẹ́tà náà ní, ká ní àwọn òṣìṣẹ́ físà ló tú àṣírí náà fúnra wọn ni, wọn ì bá ti ti fáìlì ìdílé náà pa pátápátá.

Oṣù mọ́kànlá gbáko ni wọ́n tún fi dúró. Bàbá ń bínú lórí fóònù, ìyá ń sunkún. Àmọ́ nígbà tí físà jáde, mẹ́ta ni: ti ìyá, ti ọmọbìnrin náà àti ti àbúrò rẹ̀.

Ìyá fà á mọ́ra. "Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ba èmi náà, Mọ́mì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tẹ́rù kì í bà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù máa bá yín dáhùn ìbéèrè. Òótọ́ lè dá yín dúró pẹ́. Irọ́ ló ń tilẹ̀kùn mọ́ni.