Olùṣọ́ Kọ́kọ́rọ́ Méjì

"Bọ́láwùmí, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Ṣé ó ti lọ?"

Ọ̀rẹ́ mi Ọ̀ṣuntóyìn ló ń pè mí, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Mo yọjú wò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ lóòótọ́. Inú bí mi, nítorí mo ti ṣe é kó má lè lọ.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlá. Iná kì í pẹ́ kó tó lọ, nítorí náà Ọ̀gá Hezekiah, olùkọ́ wa, ní kí gbogbo wa máa fi orúkọ kan náà ṣí i. Ibẹ̀ ni èmi àti Ọ̀ṣuntóyìn ti ṣe iṣẹ́ ìdíje wa. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọn yóò san owó yunifásítì rẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n lè san tèmi. Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ń gbin ẹ̀gẹ́ lábúlé, ìdíje yìí nìkan ni ọ̀nà tó ní. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é.

Kí iṣẹ́ tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣètò ìdíje, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ hàn. Ọ̀rọ̀ gígùn kan tó pamọ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà, ètò kọ̀ǹpútà kan sì wà tó ń ṣọ́ ọ, tó sì ń dáhùn bí wọ́n bá bèèrè. Ti Ọ̀ṣuntóyìn wà lọ́wọ́ olùṣọ́ yẹn. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ tèmi ránṣẹ́ tán, mo gbé olùṣọ́ kejì sínú kọ̀ǹpútà, mo kó kọ́kọ́rọ́ tèmi nìkan fún un, mo sì ní kó máa ṣáájú dáhùn. Mo rò pé àwọn méjèèjì yóò máa jà títí wọn yóò fi ti Ọ̀ṣuntóyìn mọ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Hezekiah dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. "Bọ́láwùmí ló ṣe ipò kìíní! Iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ iye ọjọ́ tí obì lè lò kí kòkòrò tó wọ̀ ọ́."

Obì kẹ̀? Bọ́ọ̀lù ni tèmi dá lé. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Olùṣọ́ mi ló dáhùn, àwọn tó ṣètò ìdíje rò pé èmi ni, iṣẹ́ Ọ̀ṣuntóyìn sì wọlé lórúkọ mi, ó rọ́pò tèmi.

"Sà, tèmi nìyẹn!" Ọ̀ṣuntóyìn ti bú sẹ́kún. "Obì ìyá mi ni mo fi ṣe é!"

Ọ̀gá Hezekiah jágbe mọ́ ọn: "Wọ́n ní o ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. O ya ọ̀lẹ, o tún ya olè? Bọ́láwùmí, iṣẹ́ ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Tèmi ni, sà."

Wọ́n nà án lẹ́gba mẹ́fà. Àwọn ọmọ ń pariwo "olè" lé e lórí, èmi náà bá wọn pariwo. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó ní òun ò ní rán olè níléèwé mọ́.

Àwọn tó ṣètò ìdíje pè mí sí Ìbàdàn kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Arábìnrin Oyèdọ̀tun tó ń bi mí ní ìbéèrè rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ló dé tó o fi ka ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n bó obì, tí kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ká a?"

Mi ò mọ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta sí i, mi ò mọ ọ̀kan. Mo bá jẹ́wọ́.

"Ẹni tó ṣe ipò kejì la ó fún," ni wọ́n wí. "Orúkọ Ọ̀ṣuntóyìn ò sí lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ sì ti kọjá."

Mo lọ bá a lábúlé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, àpá ẹgba ṣì wà lápá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ń sunkún. Ó sún apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí omijé mi má baà kán sínú ẹ̀gẹ́.

"Bàbá mi wà lóko. Lọ sọ fún wọn. Kó o sì sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, bó o ṣe sọ tàkọ́kọ́."

Mo sọ ọ́ níbi méjèèjì. Wọ́n ti parí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣekágbá nígbà náà, kò sí orúkọ Ọ̀ṣuntóyìn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe ìlara ẹnikẹ́ni débi pé ẹ ó dí i lọ́nà, ẹ má sì dákẹ́ títí òtítọ́ yín kò fi ní wúlò fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Mo ti wọ yunifásítì báyìí, bàbá mi ló ń san án. Ọ̀ṣuntóyìn ṣì ń bó ẹ̀gẹ́.