Ohun Tí Ṣọlápé Ń Fi Sọ́mọ Lẹ́nu

Omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ ló pa Bánkọ́lé. Àwọn tó ń ká obì ló bá a nínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko rẹ̀ n'Ìsarà. Ó dojú bolẹ̀, kò sì sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ irú ikú yẹn tí kò ní fura?

Ṣọlápé, ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin, ni Ṣìkẹ́mi, opó Bánkọ́lé, fura sí. Ẹyẹ dúdú kan ti sọ òrùlé Ṣọlápé, nínú agbo ilé kan náà, di ilé, ọ̀sán gangan ló máa ń ké, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sófin tó ní kí ẹyẹ má ké lọ́sàn-án. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, Tiwalọpẹ́, ọmọ Ṣìkẹ́mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Wọ́n á rán an níṣẹ́, á dúró sójú ọ̀nà, á ranjú mọ́ ibì kan, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá yá, kò ní mọ ohun tí wọ́n rán an mọ́.

"Wọ́n ti ń jẹ ọpọlọ ẹ̀," ni Ìyá Kàúsárà aládùúgbò wọn wí. "Wọ́n jẹ bàbá tán, ó kan ọmọ."

Ṣìkẹ́mi búra pé ẹni tó sọ òun di opó kò ní rójú jẹun mọ́ láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí Ṣọlápé tó fa ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, tó ń fi nǹkan funfun kan sí i lẹ́nu. Ṣìkẹ́mi gbé ọmọ odó.

"Àjẹ́! Kí lo fi sọ́mọ mi lẹ́nu? Tu ú dà nù, Tiwalọpẹ́!"

Ṣọlápé kò sá. Ó na ìdì bébà kan sí i. "Oògùn Bánkọ́lé tó ṣẹ́ kù ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń wá lò ó ní yàrá mi láràárọ̀. Wárápá ni, Ṣìkẹ́mi. Kò lò ó lọ́jọ́ tó lọ sóko yẹn. Òun náà ló ń ṣe ọmọ yìí, òun ló ń da iyè ẹ̀ rú."

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi. Kí wọ́n tó gbé e níyàwó, bàbá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sílé àwọn Bánkọ́lé ní Makun, bí gbogbo ayé ṣe máa ń ṣe, láti béèrè bóyá wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà nínú ìdílé. Ṣọlápé ló jáde sáwọn oníwàádìí. Kò sí, ló wí.

"Ká ní ẹ sọ fún mi ni, mi ò bá tí jẹ́ kó dá lọ sóko."

"Ká ní mo sọ, ṣé wà á fẹ́ ẹ?"

Ì bá dùn mọ́ Ṣìkẹ́mi ká ní àjẹ́ ni Ṣọlápé lóòótọ́.

Tiwalọpẹ́ ń wo àwọn méjèèjì. "Mọ́mì, Dádì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Látìgbà tó ti ń gbàgbé nǹkan, kò sí àárọ̀ tí kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti kú, tuntun ni ẹkún rẹ̀ máa ń jẹ́. Ṣìkẹ́mi nìkan ló ń dá a lóhùn.

"A ó gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́la," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, láràárọ̀, títí tó fi máa lè rántí, ẹ̀yin lẹ ó máa dá a lóhùn, Àǹtí."

Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó fi lé Ṣọlápé lọ́wọ́, ó sì dúró tì wọ́n kó lè gbọ́ ohun tí Ṣọlápé máa sọ fún un.