Fáìlì Ọgọ́ta Ìbejì

"Kọ̀ǹpútà tèmi kì í ṣàìsàn," ni Bámiṣẹ́ ń fọ́nnu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ó sì rí i dájú pé Hàlímọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní òdìkejì títì gbọ́. "Bó bá tiẹ̀ ṣàìsàn, ìlú ìbejì la wà. Gbogbo fáìlì mi ló ní ìkejì: Táyé rèé, Kẹ́hìndé rèé."

Hàlímọ̀ ń dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn. Ìyẹn gan-an ló ń dun Bámiṣẹ́. Ọdún méjì péré rèé tí obìnrin ará Ìṣẹ́yìn yìí dé, èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bíi pé ó ń pín ìrẹsì. Bámiṣẹ́ ti ka àga obìnrin náà: mẹ́jọ. Tòun alára jẹ́ méjì, ọ̀kan kán lẹ́sẹ̀.

Bámiṣẹ́ ló lọ sọ fún Màmá Aliyyah, olórí àwọn ìyá ìbejì, pé kò yẹ kí wọ́n kó orúkọ ọmọ Ìbàràpá lé àlejò lọ́wọ́. Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn: orúkọ àti fọ́tò ọgọ́ta ìbejì tó ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ku ọjọ́ kan péré kí ìforúkọsílẹ̀ parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Hàlímọ̀, wọ́n ń sọ ẹrù. Bámiṣẹ́ fa wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ lára ògiri bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń jáde, ó sáré lọ yọjú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ni. Ó pòṣé, ó yíjú padà.

Nígbà tó padà tan kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú, lẹ́tà òyìnbó funfun sì tò sí i. Táyé ò sí. Inú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà ni Kẹ́hìndé wà.

Ó pa á, ó tún tàn án, títí Godwin tó ń tún fóònù ṣe fi ní kí àwọn kúkú fọ́máàtì ẹ̀, kí wọ́n nu inú ẹ̀ mọ́ pátápátá. Nígbà tí Màmá Aliyyah dé, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sọdá títì, ó mú Hàlímọ̀ wá.

"Ẹ má fọ́máàtì ẹ̀ o," ni Hàlímọ̀ wí. "Gbogbo ẹ̀ ló máa nù dànù. Ẹ sì yéé tan-án-pa-á. Fáìlì ò tíì kú. Àkọsílẹ̀ tó ń júwe ibi tí wọ́n wà fún kọ̀ǹpútà ló dàrú, torí wọ́n já iná rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́."

Bámiṣẹ́ bèèrè pé ta ló já iná.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Tósìn," ni Àyànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ìgbà tẹ́ ẹ sáré lọ wo ẹrù wọn."

Hàlímọ̀ tú háàdì-dísìkì, ilé tí fáìlì ń gbé, ó gbé e sọdá lọ so mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ kó fáìlì jáde kó tó máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọgọ́ta ìbejì pé. Àwọn ìyá jókòó sórí àga mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n ń kì í. Bámiṣẹ́ ò rí àga, ó dúró lórí ìdúró: fáìlì òun náà ti ń gbọ́ràn sí Hàlímọ̀ lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́, kó kú fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fa wáyà," ni Hàlímọ̀ gbà wọ́n níyànjú. "Ẹ wá bátìrì tó máa gbé e dúró bíná bá lọ. Bó bá kọ̀ tí ò tàn, ẹ kó fáìlì jáde ná kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe. Kí ìkejì fáìlì sì máa gbé ibòmíì, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà kan náà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bámiṣẹ́ ò lè mú un mọ́ra, ó bi Hàlímọ̀ pé níbo ló kó ìkejì fáìlì tirẹ̀ sí.

Hàlímọ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Mi ò tíì ní ìkejì. Mo ṣì fẹ́ ṣe é."