Omi Gbígbóná Ìyá Àsánì àti Orúnkún Tuntun

Tí ẹ bá bímọ ní àdúgbò wa ní Ìbà, ẹ ò lè sá fún omi gbígbóná Ìyá Àsánì. Ìyá onílé wa ni. Bí wọ́n bá ń fi táwẹ̀lì tẹ ikùn ìyá ọmọ, tó ń ké, wọn á ní, "Farabalẹ̀ jàre, èmi kọ́ ló ní kó o bímọ!" Èmi Hannah náà ké nígbà tèmi, bí mo tilẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo rí Ìyá Àsánì tí wọ́n gbé báàfù omi gbígbóná wọ yàrá Màmá Dámilárá, ayálégbé bíi tèmi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni màmá yìí, ọmọ Èkìtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni àwọn dókítà yọ orúnkún wọn ọ̀tún tó ti jẹ, tí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Mo tẹ̀lé ìyá wọlé láti kí wọn.

Orúnkún náà wú, ó ń dán, ó sì gbóná lábẹ́ ọwọ́ mi. Omi ń jo láti ojú ibi tí wọ́n rán.

"Màmá, ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹrin rèé. Òtútù tún ń mú mi."

"Ẹ ò pe dókítà?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ sí káàdì mi." Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi tẹ̀lé agogo ilé ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún wọn ni wọ́n ń lọ.

Ìyá Àsánì ti ń fún táwẹ̀lì. "Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi omi tẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo di táwẹ̀lì náà mú. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má fi kàn án."

Ojú wọn le. "Hannah, ṣebí ọwọ́ yìí kan náà ló tẹ ikùn tìẹ?"

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá, mi ò sì gbàgbé. Àmọ́ kò sí irin nínú ikùn mi. Tí kòkòrò àrùn bá lẹ̀ mọ́ irin yẹn, oògùn lásán kì í sábà ká a. Omi yìí sì lè já ojú ọgbẹ́ náà, kó ti ìdọ̀tí wọlé."

Màmá ní, "Ṣé kí n kúkú lo kápúsù apakòkòrò tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi di Ọjọ́bọ̀?"

"Rárá, Màmá. Ó lè bo àrùn náà mọ́lẹ̀, kí dókítà má mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Tí ẹ bá sì pẹ́, wọ́n lè yọ orúnkún tuntun yìí dànù. Ẹ lè má fi ẹsẹ̀ yẹn rìn dáadáa mọ́."

Màmá wo ẹsẹ̀ wọn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Omi bọ́ lójú wọn.

Ìyá Àsánì da omi báàfù náà síta. "Kí la tún ń dúró ṣe? Hannah, lọ pe mọ́tò!"

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà fa omi orúnkún náà lọ yẹ̀ wò. Wọ́n là á, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fún màmá ní oògùn tó bá kòkòrò náà mu fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè dé, nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó wà lára Màmá ti fi kún ewu náà. Orúnkún irin náà kò kúrò níbẹ̀. Màmá ti fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ orúnkún tàbí oríkèé ìbàdí rẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ. Tó bá ń wú sí i, tó ń gbóná, tó ń jo omi tàbí ọyún, tí ìrora ń pọ̀ sí i tàbí tí ibà dé, ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ ni kó gbà lọ. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi òróró pa á, ẹ má dá oògùn lò. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, ẹ sọ fún dókítà tí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, eéwo tàbí eyín tó ń jẹrà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pàápàá, àrùn ṣì lè ti ibòmíì nínú ara dé ibẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Màmá Dámilárá ti wá ń kọ́ àwọn tó jókòó tì wọ́n ní kíníìkì báyìí: "Ọjọ́ tó wà lórí káàdì, ti ẹni tí ara rẹ̀ yá ni. Tí ara yín ò bá yá, òní ni ọjọ́ yín."