Alùpùpù Mẹ́jọ Kí Jímọ̀ Tó Dé

Àgádágodo ilé ìkẹ́rùsí náà wà digbí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Honorine fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Àwọn alùpùpù tuntun mẹ́jọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò síbẹ̀, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó wọn, ti lọ. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì gbígbẹ ló kù.

"Àǹtí, ṣé kì í ṣe ilé mìíràn la wá?" Sandra ló béèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ yunifásítì tó tẹ̀ lé e wá wo ẹ̀bùn tí wọ́n ti ṣèlérí fún un.

Honorine gbé iwájú orí lé férémù ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Kì í ṣe alùpùpù mẹ́jọ nìkan ló sọnù. Alájì Sùlàímọ́nù, tó ń ta alùpùpù, èyí tí wọ́n ń pè ní moto ní ìlú yìí, ní ọjà Sankaryaré, wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ gboyè ní yunifásítì Ouagadougou, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì ti ibẹ̀ jáde. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó dìde, ó ní, "Iye moto tí ẹ bá rà fún àwọn ọmọ tí ọ̀nà wọn jìn, tí ẹ sì gbé dé ẹnu géètì mi kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, iye yẹn gan-an ni ìdílé mi máa fi kún un. Bí ẹ ò bá gbé nǹkan kan wá, èmi náà ò ní í gbé nǹkan kan jáde." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n dáwó, wọ́n ra mẹ́jọ, Alájì sì yá wọn ní ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ àtijọ́ ní àdúgbò Bilbalogo kí wọ́n kó wọn sí, Honorine ni ẹgbẹ́ sì ní kó máa bójú tó wọn. Ọ̀túnla ni Jímọ̀ ọ̀hún.

Ní ti Sandra, lẹ́yìn ibi tí títì ọlọ́dà ti parí ló ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, ìdánwò méjì ló bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé bí tọdún yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó padà wálé wá máa bá ìyá rẹ̀ ta búrẹ́dì.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Agathe Bíyìí dé nígbà tí oòrùn ti mú. Moto tirẹ̀ kú lójú ọ̀nà, ó tì í dé ibẹ̀, òógùn sì ti mu ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ọmọ Nàgó, ìyẹn Yorùbá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni bàbá rẹ̀, Ouaga ni wọ́n bí òun sí. Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀.

Inoussa tó ń ṣọ́ ilé náà ló kọ́kọ́ pè.

"Òjò àná, Màdáàmù! Ta ló lè dúró sínú irú òjò yẹn? Mo sá sábẹ́ páànù aládùúgbò."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Páànù ni mo ń gbọ́."

"Ta ló kọjá?"

"Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kẹ́rù, ó ń lọ ó ń bọ̀, wọ́n fi tapólì bò ó. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń kọjá ní Bilbalogo bí eṣinṣin."

"Nígbà tí òjò dá, ẹ ò wá wò ó?"

"Mo wo àgádágodo. Àgádágodo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣọ́ ilẹ̀kùn, Màdáàmù, wọn ò ní kí n ṣọ́ inú ilé."

Agathe kọ ọ́ sílẹ̀. Irú èsì báyìí ló ń mú kí orí máa fọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Kó tó kọjú sí Honorine, àwọn abánikẹ́dùn ti kún àgbàlá. Àwọn oníṣòwò aṣọ dé, àwọn télọ̀ dé. "Ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ rí i." "Ẹ ò ní í wá a tì." "Olè ò ní í rí i tà." Ìsmáílà, àkọ́bí Alájì, ẹni tó ń bójú tó ọjà bàbá rẹ̀, dé pẹ̀lú agbádá funfun. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Àǹtí Honorine, ẹ fara dà á. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò." Gbogbo wọn ṣe àmín.

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" ni Agathe bi Honorine.

"Méjì ni. Méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi ẹnu ara yín sọ?"

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá purọ́ ni? Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Màá tà á bẹ́ẹ̀ náà."

Kọ̀mísérì, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ò tilẹ̀ jẹ́ kí Agathe parí àlàyé lórí fóònù. "Àgádágodo ò já, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin kan. Kí lo tún ń wá? Tì í mọ́lé, d'accord, ṣé o gbọ́?" Wọ́n sì ti Honorine mọ́lé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Sandra jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú àgọ́ ọlọ́pàá, ó kọ̀, kò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Agathe rin Sankaryaré títí bàtà fi bó o lẹ́sẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì tí kò bi, kò sí alágbàtà tí kò halẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n gbé moto ọlọ́ràá wá bá. "Màdáàmù, bí ó bá wọ ọjà yìí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́," ni alágbàtà kan wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Olè tó jí tí kò tà, kí ló wá jí fún?"

Ìbéèrè yẹn bí Agathe nínú, nítorí òun gan-an ló yẹ kó bi ara rẹ̀.

Ó yà sí ìsọ̀ alágàádágodo kan, ó fi àwòrán èyí tó wà ní Bilbalogo hàn án. Ọkùnrin náà na irú rẹ̀ sí i nínú páálí. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló so mọ́ ọn.

"Ṣé mẹ́ta ló máa ń ní?"

"Mẹ́ta ni. Bí ẹ bá rí méjì, ẹnì kan ti yọ ọ̀kan."

Honorine ti sọ pé Ìsmáílà ló ra àgádágodo náà fún ẹgbẹ́. Agathe gba ìsọ̀ Alájì lọ. Páálí alùpùpù tò dé òrùlé lẹ́yìn Ìsmáílà.

"Kọ́kọ́rọ́ kẹta? Háà, ó ti sọnù kí n tó kó ìyókù fún Àǹtí. Ẹ bá mi wá a, màá ní kí ẹ gba barka, ìyẹn ọpẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màdáàmù, ilé wa kọ́ ni ẹ máa bá olè. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òun ni bàbá mi fi tọ́ wa."

Ó ti rẹ Agathe. Ó fẹ̀yìn ti àwọn páálí náà láti sinmi díẹ̀, gbogbo òkìtì rẹ̀ sì yẹ̀ sẹ́yìn, ó kù díẹ̀ kó ṣubú. Ìsmáílà sáré dì í mú. Ó fi ọwọ́ kan di Agathe mú, ó fi èkejì di páálí mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú."

Nígbà tó padà dé àgọ́, iná ti lọ, fáànù ti dúró. Kọ̀mísérì fẹ́ kó kọ ìwé tí wọ́n máa fi gbé Honorine lọ sílé ẹjọ́. Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sandra, eérú wà lára ìró rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ ló jóná, ìwé ẹ̀rí ló wá gbà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," ni Sandra ń wí fún un. "Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò."

Agathe dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Sandra tún un sọ. Ọmọ náà wò ó tìyanutìyanu, ó sì tún un sọ.

"Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ní ìsọ̀ ni ńkọ́? Kí lo máa sọ?"

"Màá ní Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí ló tún kù téèyàn máa sọ?"

"Dìde," ni Agathe wí. "À ń lọ sí Ouaga 2000, sílé Alájì."

Wọ́n mú Honorine jáde, wọ́n jọ lọ. Alájì Sùlàímọ́nù gbà wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀. Ó ti darúgbó, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì tẹ̀. Ìsmáílà jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn obìnrin ilé sì wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè," ni Agathe bẹ̀rẹ̀. "Ta ló máa kó moto mẹ́jọ tí kò ní í tà wọ́n? Ẹni tó kàn fẹ́ kí wọ́n má sí ni. Ta ló sì fẹ́ kí wọ́n má sí? Ẹni tó yẹ kó gbé mẹ́jọ mìíràn jáde lọ́la, tí kò sì ní."

"Tí kò ní kẹ̀?" Alájì rẹ́rìn-ín. "Ìsọ̀ mi kún dé òkè, ọmọ mi."

"Páálí ló kún, bàbá. Mo fẹ̀yìn tì wọ́n, gbogbo rẹ̀ yẹ̀. Nǹkan kan ò sí nínú wọn."

Alájì yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ìsmáílà ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ yín ló ra àgádágodo tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta," ni Agathe ń bá a lọ, "ó kó méjì fún Honorine. Òjò wá, ìgboro dá, ó ráyè. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi, etí mi ló di. Gbogbo ẹni tó wá kí Honorine ló ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí wọn, torí ohun tí olè gbé ṣì wà níbì kan. Ẹ̀yin nìkan, Ìsmáílà, lẹ ní kí Ọlọ́run fi òmíràn rọ́pò. Ohun tó jóná, ohun tó ti lọ pátápátá, là ń gba irú àdúrà yẹn fún. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà yín, ẹ ò lè bẹ̀ Ẹ́ pé kí wọ́n rí ohun tí ẹ ti fọwọ́ ara yín bà jẹ́."

Ìsmáílà gbé ojú sókè. "Màdáàmù, ṣé àdúrà lẹ máa kó síwájú adájọ́? Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Níbo ni moto wà? Ẹ fi hàn wá."

Agathe mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá pe ìrun, ọ̀rọ̀ parí. Honorine á padà sí àtìmọ́lé, Sandra á padà sídìí búrẹ́dì. Agathe fẹ́ gbá tábìlì.

Alájì Sùlàímọ́nù ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò pariwo rárá.

"Ọlọ́run, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà, tó sì dákẹ́, má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ọmọ mi."

"Àmín," ni Honorine wí. "Àmín," ni Sandra wí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ṣe àmín. Ẹnu Ìsmáílà là, ohùn ò jáde. Alájì ò sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ń dúró dè é.

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ìsmáílà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n wà nínú kòtò amọ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ́ bíríkì, lọ́nà ìlú Pô. Omi ti bò wọ́n. Gbogbo ẹrù wa ló jóná lójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá, gbèsè ni mo fi ń ṣí ìsọ̀. Ẹ wá dìde láàárín àwùjọ, ẹ ṣèlérí! Ẹ ò bi mí! Mo fẹ́ kí ẹ gbé orúkọ yín dé sàréè láìmọ̀ ni."

Ọwọ́ Alájì wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti parí náà," ni Honorine wí pẹ̀lú ìbínú. "Mo sùn sí àtìmọ́lé nítorí orúkọ yín. Kí la fẹ́ fi moto tó ti mu omi ṣe?"

"Lọ́jọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀," ni Alájì wí, "ṣé mo ní kí wọ́n máa dún? Ẹnu géètì ni mo ní kí ẹ gbé wọn dé. Bí amọ̀ bá kún inú wọn, ẹ gbé amọ̀ náà wá."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi kún un? Ẹ ò ní nǹkan kan mọ́!" ni Ìsmáílà wí.

"Mo ní ilé yìí. Màá tà á."

Agathe fi ẹ̀wọ̀n sí Ìsmáílà lọ́wọ́. Ó ti rò pé ara òun á fúyẹ́ bí òun bá ṣe é tán, kò fúyẹ́. Fóònù rẹ̀ dún, kọ̀mísérì ni.

"Ṣé o ti rí olè? Ó tán nìyẹn."

"Kò tíì tán, ọ̀gá."

Sandra ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Pô jìn," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ gbé wọn kí wọ́n tó pe ìrun."