Wà Wo Nínú Wà? Ìtàn Ibùsùn Má-rí-mi

Kàràkàrà, kàràkàrà. Aránṣọ dá máṣíìnì rẹ̀ dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni ariwo náà ti ń wá.

"Má-rí-mi, ṣé o ò ní sùn ni?"

Má-rí-mi kì í ṣe èèyàn o. Eku ọ̀sìn kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní hámísítà, kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ lóbìnrin ló ni ín. Opó ni ìyá náà, òun àti eku yìí nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tó fẹ́ lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ ojú, ó fọ àpótí gíláàsì eku náà mọ́, ó gbé e fún àbúrò rẹ̀, ó sì ti ọsibítù pè é.

"Àbúrò, ibi tó máa wà ni kó o fún un o. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Tí kò bá rí i, àìsàn ló máa fi ṣe."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tó máa wà? Lọ́dọ̀ èmi aránṣọ?"

Ó rán tìmùtìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó fi àrán bò ó, ó tún rán ìrọ̀rí kékeré lé e. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, òun ò tíì sùn sórí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n Má-rí-mi kò sùn. Igun àrán ló ń ha. Nígbà tí àrán kò gbà fún un, ó kọjú sí gíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

"Òtútù ló ń mú un," ìyàwó aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ó fẹ́ sá lọ ni," káfíńtà òdìkejì ọ̀nà dá a lóhùn. Ó lọ bu lẹ́búlẹ́bú pákó wá. Eku náà sín, ó sín, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Aránṣọ kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u. Ó jókòó síwájú àpótí náà. "Ibi tó o máa wà nìyí. Ibo lo tún fẹ́ wà?" Nígbà tí kò mọ èwo ni ṣíṣe mọ́, ó lọ ra òwú rírọ̀ ní ilé oògùn, ó fi kún inú àpótí. Ariwo náà dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó rí i pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe ti oorun. Fọ́nrán òwú ti wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Má-rí-mi, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti ń dúdú. Kí ni aránṣọ máa sọ fún obìnrin tó fi báńdéèjì bojú, tí kò ní ẹlòmíràn nílé?

Bó ṣe gbé eku náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, dókítà náà mú àlùmọ́gàjí tín-ín-rín kan, ó gé fọ́nrán náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹsẹ̀ yìí máa yè, bàbá. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ gbé e wá ni, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ."

"Dókítà, òwú tó rọ̀ jù lọ ni mo rà!"

"Rírọ̀ rẹ̀ kọ́ lẹ̀bi, fọ́nrán rẹ̀ ni. Ó máa ń wé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbé e mì, ó lè dí wọn nífun."

"Lẹ́búlẹ́bú pákó ńkọ́?"

"Eruku rẹ̀ ń dí wọn nímú. Pákó tó ń ta sánsán tún burú jù, ó ń ba èémí wọn jẹ́. Kí ni ẹni tó ni ín sọ fún yín gan-an?"

"Ó ní kí n fún un ní ibi tó máa wà."

Dókítà wò ó. "Wà wo nínú wà, bàbá?"

"Wà mélòó ló wà?"

"Ẹ wà níbí, wà kan nìyẹn. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga, kànga ni wọ́n ń wà, ìyẹn wà míì. Ẹranko inú ihò lèyí. Ó gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀ kó tó lè sùn. Ẹ̀yin tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, ilẹ̀ ló ń wá."

Odidi ọjọ́ kan ni aránṣọ fi rán àrán fún wà tí kì í ṣe wà.

"Ṣé ẹ ní pépà tí wọn ò kọ nǹkan sí, tí kò sì lóòórùn?"

"Mo ní èyí tí mo fi ń gé pátánì."

"Ẹ ya á wẹ́wẹ́. Ẹ kó o jọ kó ga, láti ọrùn ọwọ́ yín dé ṣóńṣó ìka, ó kéré tán. Ẹ ri páálí kékeré kan mọ́ ọn, kó fi ṣe yàrá."

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Má-rí-mi tiro wọnú pépà, ó fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fọwọ́ wà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó bá wọlẹ̀. Aránṣọ ṣì ń wá a kiri nígbà tí fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá náà bi í: "Ṣé ó ṣì wà?"

Òkìtì pépà mì. Pépà fò sókè láti ìsàlẹ̀.

"Ó wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó sì ń wà."

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń sin ẹranko kékeré tó ń gbé inú ihò, ẹ má wo ibùsùn tó wu ojú yín. Pépà wẹ́wẹ́ tí kò ní íńkì tàbí òórùn ni kí ẹ fún un, kó jìn tó èyí tó lè wọ̀ tán. Ẹ yẹra fún òwú, aṣọ tó ń tú fọ́nrán, àti lẹ́búlẹ́bú pákó. Ibi tó bá tọ̀ sí, tó tutù, nìkan ni kí ẹ máa yọ lójoojúmọ́. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ti àtijọ́, kó lè mọ̀ pé ilé òun ni. Tí kò bá jẹun, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ má dúró gba ìmọ̀ràn àdúgbò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé yín. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Aránṣọ kò béèrè, eku ló fi ẹsẹ̀ jìyà rẹ̀.